Gìtá Tí Ń Sọ̀rọ̀: Bí A Ṣe To Pẹ́dà Inú Kọ̀ǹpútà ní Orè

Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá bá rí àkọlé àròkọ yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọn óò ní, "Kí ni ó kan ọmọ tí ń kọ́ nípa oríkì àti ẹsẹ Ifá pẹ̀lú gìtá, áḿbọ̀sì gìtá inú kọ̀ǹpútà?" Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ì tíì dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ohùn sì ni iṣẹ́ wa. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè rí, tí olùkọ́ kọ dò, re, mí sí ojú pátákó, onítọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí láìmọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa ní àkókò ìsinmi ni ó là mí lójú sí i, òun náà ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọmọ Òdìgbò ni mí, ṣùgbọ́n Orè ni mo gbé dàgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà Èkó lọ sí Benin yóò mọ Orè, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n ra ìpékeré, kí wọ́n tó tún gbéra. Òun ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Òdìgbò. Ohun mìíràn ni àwọn àgbà fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra bá ogun dé kí a tó lé wọn padà, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ ọ́ títí di òní pé, "Ó le kú, ìjà Orè!" Ìjà ti tán tipẹ́, ariwo ni kò tán. Tọ̀sán-tòru ni tírélà ń kọjá, tí àwọn awakọ̀ sì ń fọn fèrè bí ẹni pé wọ́n ń sanwó fún un.

Ẹ̀yìn òpópó yìí gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní yàrá kan tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Fóòmù àtijọ́ tí wọ́n yọ kúrò lára bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi bo ògiri. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àpótí kékeré kan tí a ń ki wáyà gìtá àti ti máíkì bọ̀, sípíkà méjì, àti jẹnẹrétọ̀ tí ń bẹ lẹ́yìn fèrèsé, gbogbo ẹrù ibẹ̀ nìyẹn. Bí tírélà bá fọn fèrè, olórin á dákẹ́ títí yóò fi kọjá, a ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wọn, wọn kì í sì í sanwó bọ̀rọ̀.

Bàbá Àgbà wa ta gìtá nígbà ayé wọn. Wọn kì í ṣe olókìkí, ẹ kò lè rí orúkọ wọn lára àwo orin kankan. Kòkó ni iṣẹ́ wọn, gìtá ni fàájì wọn. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ jùjú kékeré kan tí ń lọ sí òde ìsọmọlórúkọ àti òde ìnáwó òkú ní Òdìgbò àti ní àwọn abúlé tí ó wà lójú ọ̀nà Oǹdó. Ohun kan ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń rántí wọn. Bí òde bá ti fẹ́ parí, Bàbá kì í gbé máíkì láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Gìtá ni wọ́n fi ń sọ ọ́ pé: "Ilé yá, ọmọ mi, òru ti ń lọ." Kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ lẹ́nu, okùn gìtá ni ó ń wí i. Bí mo bá kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ ní kíláàsì, re mí mí, re re re, dò re re mí re ni. Ohùn mọ́kànlá péré. Bí afẹ́fẹ́ bá sì gbé e dé etí Ìyá Àgbà nínú ilé, wọn á dìde gbé omi ka iná, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ àwọn ń bọ̀ wá wẹ̀.

Ní ọdún 2023, nígbà tí ara ti di ara àgbà, Bàbá ní kí a gbé àwọn wá sí Orè, sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ki wáyà gìtá bọ àpótí, Bàbá sì ta á fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ ibi tí ó ń lọ. "Ilé yá" ni wọ́n fi kádìí rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n papò dà.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan kù dẹ̀dẹ̀, ẹbí ní kí ẹ̀gbọ́n mi tún ohùn gìtá náà ṣe kí a lè tẹ̀ ẹ́ sí etí àwọn àlejò. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìfẹ́ ṣe é, wọ́n sì ṣe é ní àṣejù. A gbé e lọ sí Òdìgbò kí Ìyá Àgbà lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà fi etí sí i títí ó fi tán, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dùn. Ta ni ó ń ta á?"

N kò rí ojú ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ rí. Àwa méjèèjì kò lè dáhùn. A dọ̀bálẹ̀, a padà sí Orè. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó kù.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí pẹ́dà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gìtá oníná kò ní ohùn púpọ̀ fúnra rẹ̀. Irin òòfà tí a fi wáyà tín-ín-rín wé wà lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀. Bí okùn bá gbọ̀n, iná mànàmáná kékeré kan á jáde, á gba inú wáyà lọ sí ẹ̀rọ tí yóò sọ ọ́ di ńlá. Pẹ́dà ni àpótí kékeré tí a ń fi sí àárín ọ̀nà yìí láti yí ohùn padà, ẹsẹ̀ ni onígìtá sì fi ń tẹ̀ ẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò dilẹ̀. Ní ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Maestro ní Amẹ́ríkà gbé Fuzz-Tone jáde, èyí tí ń mú kí ohùn gìtá ha bí ohùn ẹni tí ó pariwo mọ́jú. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Rolling Stones lò ó ní ọdún 1965, ṣe ni àwọn onígìtá ń wá a kiri. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò pẹ́ dé Èkó. Ẹ gbọ́ àwo tí ẹgbẹ́ BLO ṣe ní ọdún 1973, àti èyí tí ẹgbẹ́ Ofege, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's, ṣe ní ọdún kan náà. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n o, bí i tiwa.

Híha ohùn yìí ni wọ́n ń pè ní distortion. Èkejì ni delay, òun ni gbohùngbohùn: ohun tí o wí ni yóò tún wí lẹ́yìn rẹ. Reverb ń mú kí ohùn dún bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni ó ti ń wá. Chorus ń sọ ohùn ẹnì kan di ohùn ènìyàn púpọ̀ tí wọn kò bára dọ́gba tán. Compressor ń gbé ohùn tí ó rẹlẹ̀ sókè, ó sì ń tẹ èyí tí ó le jù mọ́lẹ̀. Wah-wah náà wà, n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú nítorí tèmi ni.

Lóde òní kò di dandan kí ènìyàn ra àpótí. Ohun tí àpótí ń fi wáyà ṣe ni kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò ṣe. Guitar Rig ti àwọn ará Jámánì wà, AmpliTube ti àwọn ará Ítálì wà, ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà Apple ń bá Pedalboard pàdé nínú GarageBand, ẹni tí kò sì ní kọ̀ǹpútà rárá lè rí pẹ́dà lò nínú BandLab lórí fóònù rẹ̀. REAPER ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò. Nínú rẹ̀, àwọn pẹ́dà wà lórí ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ohùn á kọ́kọ́ wọ èyí tí ó wà lókè, ohun tí ó bá jáde níbẹ̀ ni yóò wọ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ yí ètò padà, ìka kan ni yóò fi fa ọ̀kan kọjá èkejì, kò sí wáyà tí yóò tú.

Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó kó bá wa. Ẹni tí ó fi owó ra àpótí mẹ́rin, tí ó sì ń fi wáyà so wọ́n pọ̀, yóò ronú kí ó tó so wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ti rántí pẹ́dà ni wọ́n ń tò ó: reverb lókè pátápátá, delay tẹ̀ lé e, chorus tẹ̀ lé delay, distortion wá gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ohun tí àwọn gbọ́ dùn mọ́ àwọn, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ata tí a lọ̀ kí a tó dín in, àti ata tí a dín kí a tó lọ̀ ọ́, ata kan náà ni, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kan náà kọ́.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí orí distortion, nítorí òun ni ọ̀dádá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé orí ìró. Ẹ ronú ènìyàn gíga àti ènìyàn kúkúrú tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà kan tí kò ga jáde. Ẹni gíga yóò tẹrí ba, ẹni kúkúrú yóò kọjá wọ́ọ́rọ́, ẹni tí ó bá sì dúró níta yóò rò pé ọgbọọgba ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni distortion ṣe ń mú ìró ńlá àti ìró kékeré dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí gbohùngbohùn sì tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ yóò ha, ìtúnwí rẹ̀ yóò sì máa rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí èéfín. Ṣùgbọ́n bí gbohùngbohùn bá ṣáájú, ìtúnwí tí ó yẹ kí ó rọ̀ yóò dé ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn, yóò sì jáde ní gíga kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gan-an. Ìtúnwí kò wá rẹlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mọ́. Ìró inú ilé ńlá tí reverb mú wá náà gbéra nílẹ̀, ó di ariwo.

Èyí tí ó burú jù ni pé bí ohùn méjì bá wọ inú distortion pọ̀, ohùn mìíràn tí ẹnì kankan kò ta yóò jáde níbẹ̀. Bí okùn kan bá ń gbọ̀n nígbà 220 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí òmíràn ń gbọ̀n nígbà 330, distortion yóò bí ìró 110 àti 550 mọ́ wọn, èyí ni ìyàtọ̀ wọn àti àròpọ̀ wọn. Onígìtá ọlọ́rọ̀ líle fẹ́ràn èyí, òun ni ó mú ohùn rẹ̀ nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣe fún tiwa. Mí tí ó wà ní "lé" kò tíì parí nínú gbohùngbohùn tí re tí ó wà ní "ọmọ" fi dé bá a. Àwọn méjèèjì wọ inú distortion pọ̀, wọ́n bí ọmọ tí kì í ṣe dò, tí kì í ṣe re, tí kì í ṣe mí. Ta ni yóò gbọ́ Yorùbá nínú ìyẹn?

Nígbà tí a rí èyí, ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n rò pé ohùn Bàbá ti wọ inú pẹ́dà lọ, pé ó ti di ọbẹ̀ tí a ti da iyọ̀ púpọ̀ sí, kò sì sí Bàbá mọ́ tí yóò tún un ta. Wọ́n jókòó, wọn kò sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ó ń dún. Èmi ni mo ní kí a pa gbogbo pẹ́dà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ èyí tí ó fa wàhálà jù. Nígbà tí a pa èyí tí ó kẹ́yìn, gìtá Bàbá jáde ní òfìfo, láìsí ẹ̀ṣọ́ kankan. A tilẹ̀ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń yí okùn kan láti mú un gún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé REAPER, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe òmíràn, ohun tí ó wọlé láti inú wáyà nìkan ni ó ń kọ sílẹ̀. Pẹ́dà tí a tò síbẹ̀ kò kan ohun tí ó wà nínú àpò, ìgbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́ ọ ni ó ń ṣiṣẹ́. Àyè kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ènìyàn lè to pẹ́dà sí kí ohùn tó dé inú àpò. Ẹni tí ó bá tò ó síbẹ̀ ti dín ata rẹ̀ tán, kò lè sọ ọ́ di tútù mọ́. Ọlọ́run ni ó yọ wá tí ẹ̀gbọ́n mi kò mọ àyè yẹn ní ọdún 2023. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe yín, ìbáà ṣe gìtá, ìbáà ṣe ìjálá, ẹ gbà á ní òfìfo, kí ẹ sì tọ́jú òfìfo náà sí ibi méjì. Ẹ̀ṣọ́ kò ní sá lọ.

A wá tún ètò ṣe. Ohun tí a kọ́kọ́ kíyè sí ni ọwọ́ Bàbá tí ń gbọ̀n. Àwọn ohùn kan le, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Ń" tí ó wà nínú "ti ń lọ" rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí "òru ti lọ", ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òru tí ń lọ àti òru tí ó ti lọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Compressor ni a fi sí òkè láti gbé e dìde. Ó gbé e dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé kùn-ùn jẹnẹrétọ̀ dìde pẹ̀lú rẹ̀. A wá fi gate ṣáájú rẹ̀, èyí tí ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí gìtá bá dákẹ́, kí kùn-ùn má baà ráyè wọlé. A ti ilẹ̀kùn náà gbọn-in jù ní àkọ́kọ́, ó gé dò tí ó bẹ̀rẹ̀ "òru" kúrò nítorí Bàbá fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ta á. Bí a ti ń dẹ ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni kùn-ùn ń wọlé. Ní ìkẹyìn a fara mọ́ kùn-ùn díẹ̀. Sílébù kan níye lórí ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Distortion tẹ̀ lé compressor, ṣùgbọ́n a dín in kù títí ó fi ku ìwọ̀nba tí ń mú ohùn gbóná díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a fi ẹ̀rọ tí ń ṣe bí àpótí asọ̀rọ̀ńlá sí, nítorí gìtá tí kò bá gba inú sípíkà kọjá ń dún bí ẹ̀fọn létí ni. Ẹni tí ó bá ní gìtá rẹ̀ kò dùn nínú kọ̀ǹpútà, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Chorus ni a yọ kúrò pátápátá. Ọ̀nà tí ó gbà ń sọ ẹnì kan di púpọ̀ ni pé ó ń gbé ohùn sókè sódò díẹ̀díẹ̀, ó ń mì ín. Fún orin mìíràn, ẹwà ni. Fún gìtá tí ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí a di ẹrù lé orí ẹni tí ń rìn lórí afárá onígi kan ni.

Delay gba àkókò wa jù. Nínú kọ̀ǹpútà, ó máa ń fẹ́ bá ìlù iṣẹ́ náà rìn, REAPER a sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ titun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá pín 60,000 sí ọ̀nà 120, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe 500 nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, ni ìtúnwí kọ̀ọ̀kan yóò fi dé. Ta ni ó sọ fún Bàbá nípa 120? Bí ọkàn wọn ti wí ni wọ́n ta á, wọ́n fa "yá" gùn, wọ́n sáré lórí "ọmọ mi". Gbogbo ìtúnwí wá ń já sí àárín sílébù méjì, ó ń di sílébù tirẹ̀. Ohùn mọ́kànlá di ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abájọ tí Ìyá Àgbà kò fi mọ̀ ọ́n! A tú delay kúrò lára ìlù kọ̀ǹpútà, a gé ìtúnwí rẹ̀ sí ẹyọ kan tí ó rẹlẹ̀, a sì mú un wá sí 100 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kí ó má lè dá dúró. Reverb kékeré kan gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n pálọ̀ ilé Òdìgbò, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ wah-wah. Pẹ́dà yìí kì í yí gíga ohùn padà, ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé apá kan nínú ìró ga ju apá yòókù lọ, ó sì ń sún apá náà síwá sẹ́yìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kí ni ẹnu wa ń ṣe nígbà tí a bá kúrò ní "u" lọ sí "a"? Ohun kan náà ni! Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí a fi í sórí "Ilé yá" bóyá gìtá lè pe fáwẹ̀lì mọ́ ohùn. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni a fi ṣeré náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pe "yá" lóòótọ́, ẹ̀rín sì pa wá. Ṣùgbọ́n gìtá náà dà bí ẹni tí ó mu yó, Bàbá kì í sì í mu ọtí. A yọ ọ́ kúrò. N kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ tèmi.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ó dé tí àwọn àgbà olórin jùjú kò fi sábà mú gìtá ha? Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìmọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1949 tí Ayinde Bakare ti bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná sí gìtá jùjú ni gìtá àti gángan ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú orin náà. Ẹni tí ń bá gángan sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ la ohùn. Bí ẹ bá gbọ́ àwo King Sunny Ade tí a pe àkọlé rẹ̀ ní Juju Music, tí ó jáde ní ọdún 1982, gìtá mélòó kan ni ó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ lè ka ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Demola Adepoju ni ó ta gìtá tí wọ́n ń pè ní pedal steel níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yẹn ṣì yín lọ́nà, nítorí pẹ́dà ti ìyẹn kò jọ èyí tí mo ń sọ bọ̀. Ó ń fa okùn gìtá le, ó sì ń dẹ ẹ́, kí ohùn lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tí ó bá ti rí bí onílù ti ń fún ọsán dùndún mọ́ ìhà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Fún ẹni tí yóò bá máa ta gìtá lọ́wọ́ bí pẹ́dà kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́, ohun kan wà tí kò kan tiwa. Kọ̀ǹpútà ń kó ìró jọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá gbà á láyè kí ó kó 1,024 jọ nínú 44,100 tí ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yóò fi nǹkan bí 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ọwọ́ yóò sì máa ṣáájú etí. Bí ó bá jẹ́ 256, kò tó 6. Ṣùgbọ́n bí pẹ́dà bá ti pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà aláìlágbára kò ní lè sáré tó bẹ́ẹ̀, yóò máa ta pàrà.

Ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀túnla ìrántí, a gbé e padà lọ sí Òdìgbò. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ jùjú wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A tẹ̀ ẹ́. Kí ó tó parí, bàbá náà ti bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọtí tán, ọmọ mi! Ohun tí gìtá yẹn ń wí nìyẹn. Bí a bá ti gbọ́ ọ ni a ń dìde." Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ilé yá, ọtí tán: re mí mí, re mí mí. Gìtá, bí ìlù, kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé nípa apá kejì, pé "òru ti ń lọ" ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n bóyá kí àwọn gé ibi tí Bàbá ti ń yí okùn ní ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Ìyá Àgbà ní kí a fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí a tún un tẹ̀. Nígbà tí ó dé "òru ti ń lọ", wọ́n yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n pe àbúrò mi obìnrin, wọ́n ní, "Gbé omi ka iná."